Àpótí Ìyá: Kí A Tó Ta Ohun Ọ̀ṣọ́ Tí A Jogún

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan ní Ilé-Ifẹ̀ níhìn-ín. Ìyá rẹ̀ ti sùn nínú Olúwa, a ti ṣe ìsìnkú tán, àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti jókòó láti ṣí àpótí ìyá wọn. Ohun tí wọ́n bá nínú rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n wúrà méjì, ẹ̀gbà ọwọ́ mẹ́ta, owó wúrà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí a fi òrùka kékeré sí lórí kí a lè fi kọ́ ọrùn, iyùn okùn méjì, àti àwọn ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró kéékèèké tí a dì sínú àkísà. Oníṣòwò kan ti wo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ti dá iye owó kan lé wọn lápapọ̀. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wọn kan ti dé ọrùn. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ní kí a tà á. Àbíkẹ́yìn wọn sunkún, ó ní òun kò gbà. "Ẹ jọ̀wọ́, sà," ni arábìnrin wa kọ, "báwo ni a ó ṣe mọ̀ bí owó náà tó?"

Èsì wa ni pé owó náà lè tó, ó sì lè ṣàìtó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ ọ́n nípa ọ̀nà tí ọkùnrin náà gbà dá a. Ohun mẹ́rin tí ìwà wọn kò jọra ni ó fi ojú kan wò. Wúrà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Owó wúrà ní òṣùwọ̀n, ó sì ní ọdún tí a tẹ̀ ẹ́. Iyùn, ojú àti ọwọ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ní ti ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró, pàápàá jùlọ ní Ilé-Ifẹ̀, òfin ti dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí ọjà tó dé ibẹ̀. Bí ènìyàn bá da ẹ̀wà, èlùbọ́ àti iyọ̀ pọ̀ sínú àpò kan tí ó wá ní òun yóò ra àpò náà ní iye kan, a mọ̀ pé kì í ṣe oore ẹni tí ń tà ni ó ń wá.

Kí a tó sọ̀rọ̀ owó rárá, ẹ jẹ́ kí a béèrè ẹni tí ó ni ín. Ohun tí ìyá fi sílẹ̀, ti gbogbo ọmọ rẹ̀ ni. Àgbà lè jẹ́ aṣáájú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni ó ni ín. Bí ó bá jẹ́ ti bàbá tí ó ní ìyàwó púpọ̀ ni, ìdí-igi ni àṣà wa, èyíinì ni pé iye ìyàwó tí ó bí ọmọ fún un ni a fi ń pín in. Ẹjọ́ Dáwódù àti Danmọlé ti ìlú Èkó lọ títí dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ Privy Council ní London ní ọdún 1962, ibẹ̀ ni a sì ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí-igi ni ó wà síbẹ̀, àti pé orí-ò-jorí jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè yàn bí ó bá rí i pé yóò parí ìjà. Bí ìwé ìhágún bá wà, ohun tí ó wà nínú ìwé náà ni kí a tẹ̀ lé. Ẹ sì wádìí bóyá gbogbo ohun tí ó wà nínú àpótí náà ni ìyá ni. Àwọn ìyá wa a máa bá ọ̀rẹ́ pa nǹkan mọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ mìíràn sì wà tí ó jẹ́ ti oyè, tí kì í ṣe ti ẹni tí ó jẹ oyè náà. Ẹ bi ilé olóyè léèrè kí ẹ má baà ta ohun tí a ó tún wá gbà padà pẹ̀lú ìtìjú.

Nísinsìnyí, wúrà. Wúrà tí a kò da nǹkan kan mọ́ rọ̀ jù fún ẹ̀gbà àti òrùka, nítorí náà ni alágbẹ̀dẹ fi ń da bàbà tàbí fàdákà mọ́ ọn. A pín in sí ọ̀nà 24, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni a ń pè ní kárátì. Ẹ̀wọ̀n tí ó jẹ́ kárátì 18, ìdá 18 nínú 24 rẹ̀ ni wúrà gidi. Àwọn mìíràn a máa kọ ọ́ ní ìdá ẹgbẹ̀rún: 375 ni kárátì 9, 585 ni 14, 750 ni 18, 875 ni 21, 916 ni 22. Ẹ fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹnu ìkọ́ ẹ̀wọ̀n àti inú òrùka. Níbẹ̀ ni òǹtẹ̀ náà sábà máa ń wà. Bí a bá rí àwòrán ìdákọ̀ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìlú Birmingham ni a ti dán an wò. Bí ó bá jẹ́ orí ẹkùn, London ni. Lẹ́tà kékeré kan sì lè wà níbẹ̀ tí yóò sọ ọdún rẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà. Wúrà tí àwọn tí ó lọ sí Mẹ́kà mú bọ̀ sábà máa ń jẹ́ kárátì 21, ti Dubai 22, ti Ítálì 18. Bí lẹ́tà GP tàbí GF bá wà lára rẹ̀, wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a fi bo irin mìíràn lára.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe jẹ́ kí òǹtẹ̀ di òrìṣà fún yín. Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ilẹ̀ wa àti ti Gold Coast àtijọ́, tí a ń pè ní Gánà lónìí, kì í sábà tẹ òǹtẹ̀ kankan, bẹ́ẹ̀ ni wúrà gidi kún ọwọ́ wọn. Ẹni tí ó sì lè rọ ayédèrú ẹ̀wọ̀n lè tẹ ayédèrú òǹtẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí ibi tí ìṣirò kò bá sí ni a ti ń rẹ́ opó jẹ. Ẹ̀wọ̀n kan wọn gíráàmù 20, ó sì jẹ́ kárátì 18. Ẹ sọ 20 di ìlọ́po 18, kí ẹ fi 24 pín in: gíráàmù 15 ni wúrà gidi tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n mìíràn tún wọn 20, ṣùgbọ́n kárátì 9 ni: gíráàmù 7 àti ààbọ̀ péré ni. Ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì èkejì, ó sì ṣòro fún ojú lásán láti sọ bí ìyàtọ̀ wọn ti pọ̀ tó. Ní ti iye owó, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni a ń dá iye wúrà ní London lọ́jọ́ iṣẹ́, ní owó dọ́là, lórí áúǹsì wúrà kan, èyí tí í ṣe gíráàmù 31 àti ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ lọ́wọ́ lè rí i láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí ó fi 31.1 pín iye náà, kí ó sọ ọ́ di ìlọ́po gíráàmù wúrà gidi tí ẹ ní, kí ó sì sọ dọ́là náà di náírà. Ẹni tí ń rà kì yóò san gbogbo iye yìí, a kò sì lè pè é ní olè nítorí rẹ̀. Yóò yọ́ ọ, díẹ̀ yóò ṣòfò nínú iná, òun náà sì ní láti jèrè. Ohun tí ó yẹ kí ẹ bi í ni pé: "Nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí ó tọ́ sí wa, mélòó ni ẹ ó san?" Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè yìí, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Àwọn kan ń fi òòfà dán wúrà wò. Ó dára, ṣùgbọ́n irin lásán ni òòfà lè tú àṣírí rẹ̀. Kò fa wúrà, kò fa idẹ, kò fa bàbà. Ìdánwò omi sàn jù ú lọ. Wúrà wúwo púpọ̀ ju idẹ lọ, nítorí náà ẹ̀wọ̀n gíráàmù 20 tí ó jẹ́ kárátì 18 yóò ti omi tí ó dín ní ìwọ̀n mílílítà kan àti ààbọ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, nígbà tí idẹ tí ó wọn iye kan náà yóò ti ju méjì lọ. Àwọn oníṣòwò tí ó ní òṣùwọ̀n dáradára mọ bí a ti ń ṣe é. Ẹ̀gbà tí ó ní ihò nínú a máa tan ìdánwò yìí jẹ, nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ni òkúta dúdú: a ó fi wúrà ha òkúta náà, a ó kán omi àsíìdì sí ojú ilà rẹ̀, a ó sì wo bóyá ilà náà yóò dúró tàbí yóò parẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe é lójú yín. Kò sí ìdí kankan tí a ó fi gbé ẹ̀wọ̀n ìyá yín wọ yàrá ẹ̀yìn lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ibi méjì tí ẹnìkíní kò mọ ẹnìkejì, kí ẹ sì bèèrè bóyá òkúta tàbí dígí tí a tò sára rẹ̀ wà nínú ìwọ̀n náà.

Owó wúrà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, èyí tí wọ́n ń pè ní sovereign, yàtọ̀ díẹ̀. Kárátì 22 ni, ó wọn bí gíráàmù 8, wúrà gidi inú rẹ̀ sì ju gíráàmù 7 lọ. Òun kì í kéré sí wúrà inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún mìíràn wà tí owó tí a tẹ̀ nínú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, tí àwọn tí ń kó owó àtijọ́ jọ yóò san jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un. Òrùka tí a jó mọ́ ọn ti dín iyì rẹ̀ kù lójú wọn. Síbẹ̀, ẹ má ṣe yọ ọ́ fúnra yín. Ẹni tí ó bá yọ ọ́ láìmọ̀ọ́ṣe yóò tún fi àpá kún àpá.

Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó mọ iyì wúrà ni a ń tà á fún, ọ̀rọ̀ yìí sì ní ìtumọ̀ gidi lẹ́nu ọjà. Ẹni tí ó ń rà kí ó lè yọ́ ọ kì yóò san kọ́bọ̀ kan fún iṣẹ́ ọnà tí alágbẹ̀dẹ àtijọ́ ṣe sára ẹ̀gbà náà. Ẹni tí ó fẹ́ tún un tà fún obìnrin mìíràn láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ lè san nǹkan lé e. Ẹ bi oníbàárà yín léèrè ohun tí ó fẹ́ fi ṣe.

Ti iyùn kò ní òǹtẹ̀. Iyùn gidi, inú òkun ni a ti ń mú un wá, pàápàá òkun tí ó wà láàárín Yúróòpù àti Áfíríkà. Ìlú Torre del Greco nítòsí Naples ní Ítálì sì ti lókìkí fún gbígbẹ́ rẹ̀. Ó tutù bí a bá kọ́kọ́ fi kan ara, ó wúwo ju rọ́bà lọ, bí a bá sì fi awò wò ó, a ó rí ilà wẹ́wẹ́ tí ó gùn lára rẹ̀. Dígí a máa ní ìṣù afẹ́fẹ́ kéékèèké nínú. Rọ́bà a fúyẹ́, kò sì tutù. Iyùn mìíràn wà tí a fi aró pa láró. Bí ẹ bá fi òwú tí a ti rì bọ omi ìpa-ọ̀dà-èékánná nù ún, aró náà yóò ràn mọ́ òwú. Kí ẹ tún mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ pupa ni iyùn. Lántànà tí àwọn ará Ìlọrin ń fi ọwọ́ lọ̀ nígbà kan rí, òkúta ni; iṣẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, nítorí náà ẹ má ṣe fi í kún ọjà iyùn bí ẹni pé kò níláárí. Àti ohun kan tí ó dùn wá: ọ̀pọ̀ obìnrin ni ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ iyùn kí ó lè dán lójú ẹni tí yóò rà á. Ohun tí ó wà nínú èèpo ẹyin ni ó wà nínú iyùn. Omi ọsàn ń jẹ ẹ́. Aṣọ rírọ̀ tí a fi omi tútù díẹ̀ rin ti tó.

Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ inú àkísà náà ni ó mú wa kọ ìwé yìí gùn tó báyìí. Ìhà àríwá ìlú wa yìí ni Igbó Olókun wà. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius ará Jámánì dé ibẹ̀, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí àti àfọ́kù ìkòkò tí dígí yíyọ́ ti lẹ̀ mọ́ nínú. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè fi rò pé àwọn baba wa kò ṣe ju pé kí wọ́n yọ́ dígí tí a kó wá láti ilẹ̀ mìíràn lọ. Ní ọdún 2011 àti 2012, awalẹ̀pìtàn ọmọ ilẹ̀ wa, Abídèmí Babalọlá, tún gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ju 12,000 lọ pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò ìyọ́dígí púpọ̀. Nígbà tí a yẹ ohun tí ó wà nínú dígí náà wò, a rí i pé kò bá ti ilẹ̀ Lárúbáwá mu, kò bá ti Íńdíà tàbí Yúróòpù mu. Láti inú yanrìn àti òkúta àdúgbò wa ni a ti ṣe é, láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. A ti rí irú dígí yìí títí dé ilẹ̀ Mali. Kì í ṣe ohun kékeré ni, ẹ̀yin ará, pé ìlẹ̀kẹ̀ tí ó wà nínú àkísà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Mo ní ó lè jẹ́. Láti ìgbà tí ọkọ̀ òkun ti ń ná èbúté wa, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró láti Venice àti Bohemia ti wọ ilé wa bí òjò. Sẹ̀gi àtijọ́ a máa ṣe ohun kan tí ó yani lẹ́nu: bí ó bá wà lórí aṣọ, aláwọ̀ aró ni, bí a bá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ a yí sí bí ewé. Àmì rere ni èyí, ṣùgbọ́n kò tó láti fi búra. Mùsíọ̀mù ti ìjọba wà ní Ẹnuwá nítòsí ààfin Ọọ̀ni. Ẹ gbé e tọ̀ wọ́n lọ kí ojú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lè rí i.

Ìdí tí a fi sọ bẹ́ẹ̀ ni òfin ọdún 1979 lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ohun ọ̀ṣọ́ tí a fi ọwọ́ ṣe ní ilẹ̀ yìí ṣáájú ọdún 1918 wà lábẹ́ òfin náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rà á bí kò ṣe ẹni tí ìjọba fún ní àṣẹ, a kò sì gbọdọ̀ gbé e kọjá ẹnu ibodè láìsí ìwé. Ẹni tí ó bá hú u jáde nínú ilẹ̀, bí ó ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, ní láti fi í tó ìjọba létí. Nítorí náà, arábìnrin wa, ẹ bi oníṣòwò yín léèrè ìwé àṣẹ rẹ̀. Bí kò bá ní in, a jẹ́ pé ohun tí òfin kò gbà á láyè láti rà ni ó fẹ́ fi wúrà yín bò mọ́lẹ̀.

Ilé-Ifẹ̀ ti rí irú ọjà yìí rí. Ní ọdún 1938, ní ìgbà Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ hú àwọn orí tí a fi idẹ àti bàbà rọ jáde. Kí a tó mọ ohun tí ó wà nílẹ̀, a ti rà nínú wọn. William Bascom ará Amẹ́ríkà mú méjì lọ sí ìlú rẹ̀, ọdún 1950 ni a sì tó dá wọn padà. Ọ̀kan dé ilé British Museum ní London ní 1939, níbẹ̀ ni ó sì wà títí di òní. Lẹ́yìn èyí ni òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ jáde ní 1953. Ẹni tí ó ta orí wọ̀nyẹn kò purọ́, kò jalè. Kò kàn mọ ohun tí ó ń tà ni.

Àwọn kan nínú wa, ẹ̀yin onígbàgbọ́, a máa gba ọ̀nà mìíràn pàdánù tiwọn. Wọ́n ní ìlẹ̀kẹ̀ baba ńlá jẹ́ ti òrìṣà, wọ́n sì jù ú sínú iná. Dígí ni dígí. Bí ẹ̀rí ọkàn yín kò bá jẹ́ kí ẹ fi í sílé, Mùsíọ̀mù ṣí sílẹ̀. Iná kì í ṣe olùtọ́jú.

Ní ti owó ilé-ẹ̀kọ́, a kò sọ pé kí ọmọ jókòó sílé nítorí ẹ̀wọ̀n tí kò sí ẹni tí ń wọ̀ ọ́. Ìyá tí ó ra wúrà ní ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀, irú ọjọ́ báyìí ni ó rà á fún. Ẹ ta ẹ̀wọ̀n kan ṣoṣo ná, lẹ́yìn tí alágbẹ̀dẹ méjì bá ti wọ̀n ọ́n. Bí àbíkẹ́yìn kò bá fẹ́ kí iyùn jáde nílé, kí a dá iye lé e gẹ́gẹ́ bí ọjà, kí ó sì gbà á nínú ìpín tirẹ̀; bí iye náà bá ju ìpín rẹ̀ lọ, kí ó máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ inú àkísà, ẹ má ṣe tú u sínú okùn tuntun, ẹ má ṣe fọ̀ ọ́, ẹ má sì ṣe pín in ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi ìyá àgbà tí ó bá ṣẹ́kù nínú ẹbí ibi tí ó ti wá, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí òun náà tó lọ.

Kí ẹ ya àwòrán ohun gbogbo kí ọ̀kankan tó jáde nínú ilé. Nígbà títà, kí ìwé ẹ̀rí ní ọjọ́, ìwọ̀n ní gíráàmù, kárátì, iye owó lórí gíráàmù kan, orúkọ ẹni tí ó rà á, àti ìfọwọ́sí ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà kan sí ọwọ́ olúkúlùkù.